Igún Kò Wá sí Iléyá Mọ́: Ẹ Jẹ́ Kí Á Máa Pe Orúkọ Àwọn Ẹyẹ

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò máa retí pé kí n tún kọ̀wé lórí ìwà ọmọ tàbí lórí ẹ̀kọ́ èdè Lárúbáwá bí mo ti máa ń ṣe. Lọ́dún yìí, ẹyẹ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá kà á dópin, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kan ilé kálukú wa.

Orúkọ pípè

Ní gbogbo òwúrọ̀, kí a tó gbé wàláà, mo máa ń pe orúkọ àwọn ọmọ nínú rẹ́jísítà. Ọmọ 43 ni ó wà ní kíláàsì mi. Iṣẹ́ náà kò dùn, ó sì máa ń sú àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n rẹ́jísítà yìí ni ó jẹ́ kí a mọ̀, ní ọdún méjì sẹ́yìn, pé ọmọ kan kò wá fún ọjọ́ mẹ́rin léraléra. Nígbà tí a ránṣẹ́ sílé, ìyá rẹ̀ ní ilé-kéwú ni òun rò pé ó ń lọ. Ibùdókọ̀ ni a ti bá a, níbi tí ó ti ń bá ẹnì kan ta omi inú ọ̀rá. A mú un padà. Bí ó bá jẹ́ pé ojú lásán ni mo fi ń wo kíláàsì ni, ǹ bá ti sọ pé àwọn ọmọ pé. Ojú a máa tan ènìyàn jẹ: ọmọ 42 kò yàtọ̀ sí ọmọ 43 lójú ẹni tí kò kà wọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ka Súratu Namlu mọ ìtàn Ànọ́bì Sùlẹ́mọ́nù. Ènìyàn, àlùjọ̀nnú àti ẹyẹ ni ó wà nínú àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Ní ọjọ́ kan ó yẹ àwọn ẹyẹ wò, ó sì rí i pé ẹyẹ tí Lárúbáwá ń pè ní hudhud kò sí níbẹ̀. Ó bèèrè rẹ̀. Kò pẹ́ tí hudhud fi dé, tòun ti ìròyìn ìlú Sábà àti ọbabìnrin wọn. Ìròyìn yẹn ni àwa olùkọ́ máa ń tẹnu mọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí a wò lónìí ṣáájú ìròyìn náà. Ọba ńlá, tí iṣẹ́ ìjọba wà lọ́rùn rẹ̀, mọ̀ pé ẹyẹ kan ṣoṣo kò wá. Ẹni tí kò mọ ẹni tí ó wà lánàá kò lè mọ ẹni tí kò wá lónìí. Lórí èyí ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dúró lé.

Igún dà?

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án, ní ìparí àwọn ọdún 1980, Iléyá kò pé lójú wa bí igún kò bá wá. Bí àwọn bàbá wa bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kun àgbò, igún a tò sórí ọgbà àti sórí páànù. Wọn kì í pariwo, wọn kì í jà bí kannakánná. Wọn a dúró de ìfun àti ẹ̀jẹ̀ tí a bá dà nù. Ní odò ẹran tí ó wà lẹ́yìn ọjà, wọ́n pọ̀ lórí igi àràbà débi pé ìgbẹ́ wọn sọ ẹ̀ka igi náà di funfun. Àwa ọmọdé a máa sọ wọ́n lókò. Ìyá àgbà mi a pariwo lé wa lórí pé kí a fi wọ́n sílẹ̀, wolé-wolé Ọlọ́hun ni wọ́n. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ a ti mọ́ tónítóní, láìsí pé ẹnikẹ́ni san kọ́bọ̀ fún wọn.

Ní Iléyá tí ó kọjá, mo bi àwọn ọmọ kíláàsì mi léèrè pé ta ni ó ti fi ojú rẹ̀ rí igún. Nínú ọmọ 43, kò sí ẹyọ kan. Ọ̀kan ní òun rí i nínú àwòrán. Òmíràn rò pé àwòdì ni mo ń sọ.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, mo bi àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí léèrè pé ìgbà wo ni igún kúrò ní ìlú wa. Bàbá ládánì ní ìgbà tí wọ́n gé igi àràbà ni. Àlàájì alápatà ní rárá, ìgbà tí wọ́n gbé odò ẹran lọ sí ẹ̀yìn odi ni. Ìyá Súnà kan ní òun rí wọn nígbà ìjọba Àbáṣà, òmíràn ní wọ́n ti lọ tipẹ́ ṣáájú Àbáṣà. Ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn, a sì tú ká láìsí ìdáhùn. Kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú wọn. Ẹnì kankan kò kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Ìlú kan pàdánù òṣìṣẹ́ rẹ̀ tí ó ti ń gbálẹ̀ fún un láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ ọdún tí ó lọ, bí ó ti ń lọ sí, tàbí ohun tí ó lé e lọ.

Àwọn tí ń ka ẹyẹ

Àwọn ènìyàn kan wà láyé tí wọn kò fẹ́ kí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí wọn. Wọ́n a dá ẹgbẹ́ olùṣọ́ ẹyẹ sílẹ̀ ní àdúgbò wọn, wọn a sì máa ka ẹyẹ lọ́dọọdún. Èyí tí ó pẹ́ jùlọ tí mo mọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Láyé àtijọ́, àwọn kan níbẹ̀ a máa gbé ìbọn jáde lásìkò Kérésìmesì. Wọn a pín ara wọn sí ọ̀nà méjì, àwọn tí ó bá pa ẹyẹ àti ẹranko jù ni ó borí. Ní 1900, ọ̀gbẹ́ni kan tí ń jẹ́ Frank Chapman dá a lábàá pé dípò kí wọ́n máa yìnbọn fún ẹyẹ, kí wọ́n máa kà wọ́n. Ènìyàn 27 péré ni ó jáde lọ́jọ́ Kérésìmesì ọdún náà. Láti ìgbà náà wọn kò fi ọdún kan jẹ. Lónìí, láàrin ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá sí ọjọ́ 5 oṣù Kìn-ín-ní, ẹgbẹẹgbàárùn-ún ènìyàn ni ó ń jáde. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Tíṣà wà nínú wọn, àwọn tí ó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ìjọba wà níbẹ̀, ọmọ iléèwé náà sì wà níbẹ̀.

Ohun tí ó mú kí irú kíkà bẹ́ẹ̀ wúlò kì í ṣe ọgbọ́n àrà. Ohun mẹ́ta ni: ibi kan náà, àkókò kan náà, ọ̀nà kan náà. Bí ẹ bá ka ẹyẹ ní ẹ̀bá odò ní ìdájí lọ́dún yìí, tí ẹ sì kà á láàrin ọjà ní ọ̀sán ganrínganrín lọ́dún tí ń bọ̀, iye náà yóò yàtọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn ẹyẹ ni ó yàtọ̀, ẹ̀yin ni ẹ yàtọ̀. Bákan náà, ọdún kan kò tó sọ̀rọ̀. Òjò lè pẹ́, ọyẹ́ lè mú jù, lékeléke lè dúró sí ibòmíràn. Bí ó bá tó ọdún mẹ́wàá tí iye kan ń lọ sílẹ̀, ìgbà náà ni a tó mọ̀ pé ohun kan ń ṣẹlẹ̀.

Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ kó irú ìwé kíkà bẹ́ẹ̀ jọ, wọ́n sì rí i pé láti 1970, ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti Kánádà ti pàdánù ẹyẹ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù 3, èyí ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe ẹyẹ àjèjì tí ó ṣọ̀wọ́n. Àwọn ẹyẹ ojoojúmọ́ ni, irú èyí tí a kì í wò lẹ́ẹ̀mejì. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Díẹ̀ díẹ̀ náà ni ó ń jáde kúrò lọ́gbà, ojú lásán kì í sì í rí i.

Ẹ̀kọ́ láti ilẹ̀ Índíà

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún yín tí ó wọ̀ mí lára gidigidi. Ní ọdún 1883, ènìyàn 8 kóra jọ ní ìlú Bombay, tí a ń pè ní Mumbai báyìí. Wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún àwọn tí ó nífẹ̀ẹ́ sí ẹyẹ, ẹranko àti ewéko. Orúkọ rẹ̀ ni Bombay Natural History Society, ó sì wà títí di òní. Ní 1896, a bí ọmọ Mùsùlùmí kan ní ìlú náà, Salim Ali. Ó ṣe aláìní bàbá àti ìyá láti kékeré, arákùnrin ìyá rẹ̀ ni ó tọ́ ọ. Ní ọjọ́ kan ó fi ìbọn ọmọdé yin ẹyẹ kékeré kan. Nígbà tí ó gbé e, ó rí i pé ọrùn rẹ̀ ní àwọ̀ bí ti ìyeyè, kò sì jọ ológoṣẹ́ tí ó ti ń rí. Wọ́n ní kí ó gbé e lọ sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ náà. Òyìnbó tí ó jẹ́ akọ̀wé wọn, W. S. Millard, kò lé e. Ó sọ orúkọ ẹyẹ náà fún un, ó ṣí àpótí lẹ́yìn àpótí láti fi àwọn ẹyẹ mìíràn hàn án, ó sì ní kí ó máa wá kẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ yẹn ni ó di àgbà onímọ̀ ẹyẹ ní gbogbo ilẹ̀ Índíà. Kí ó tó kú ní 1987, ó ti wà lára àwọn tí ó jà kí a má ba àbàtà Bharatpur jẹ́, níbi tí ẹyẹ ti pọ̀ lọ súà.

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ ohun kan níhìn-ín. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọ kíláàsì mi kan gbé òkú ẹyẹ kan wá bá mi. Apá rẹ̀ ń dán bí aró. Ó ní, "Alfa, kí ni wọ́n ń pe eléyìí?" Mo ní kí ó jù ú nù, kí ó fọ ọwọ́ rẹ̀, kí ó padà sídìí wàláà. Ọwọ́ fífọ̀ dára. Ṣùgbọ́n òótọ́ ibẹ̀ ni pé n kò mọ orúkọ ẹyẹ náà, ojú sì tì mí láti sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà kò bi mí ní ìbéèrè mọ́ títí ó fi parí. Nígbà tí mo gbọ́ ìtàn Salim Ali àti akọ̀wé ẹgbẹ́ yẹn, ọmọ yìí ni mo rántí.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Bharatpur. Ẹgbẹ́ náà kò dá kíkà dúró. Ní àwọn ọdún 1980, ọmọ ẹgbẹ́ náà kan, Vibhu Prakash, ka igún níbẹ̀. Wọ́n pọ̀. Nígbà tí ó tún kà wọ́n níbẹ̀ kan náà ní àwọn ọdún 1990, púpọ̀ nínú ìtẹ́ wọn ti ṣófo, òkú igún sì wà lábẹ́ igi. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ fún un pé àlá ni ó lá, nítorí ìwé wà. Àwọn mìíràn tún gba àwọn ojú ọ̀nà tí wọ́n ti gbà ka ẹyẹ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Láàrin 1992 sí 2007, oríṣi igún kan tí ó ti pọ̀ bí eṣú ní ilẹ̀ Índíà dín kù ní ìdá 99.9 nínú 100. Ìyẹn ni pé nínú 1,000, ẹyọ 1 ni ó kù.

Kí ni ó pa wọ́n? Àwọn kan rò pé àrùn ni. Ní 2004, Lindsay Oaks àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní Pakísítánì tú àṣírí náà. Oògùn ni. Diclofenac, oògùn tí ń dín ìrora kù, tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ fún orúnkún ríro, ni àwọn darandaran ń fún màlúù. Bí màlúù bá kú kí oògùn náà tó kúrò lára rẹ̀, tí igún sì jẹ ẹ́, kíndìnrín igún a bàjẹ́, a sì kú láàrin ọjọ́ díẹ̀. Bí oògùn náà bá wà nínú òkú ẹran tí kò tó 1 nínú 100, ó ti tó láti run gbogbo wọn, nítorí àìmọye igún ni ó ń jẹ lára òkú kan. Ní 2006, Índíà, Pakísítánì àti Nepal fòfin de lílo oògùn náà fún ẹran ọ̀sìn.

Ṣùgbọ́n ìyà ti jẹ ènìyàn kí ó tó di ìgbà náà. Nígbà tí igún tán, òkú màlúù ń jẹrà nílẹ̀ àti lójú omi. Ajá ìgboro ń rí ẹran jẹ, wọ́n sì ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ajá ni ó ń fún ènìyàn ní àrùn dìgbòlugi. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2024 ṣírò pé láàrin 2000 sí 2005, àìsí igún fa ikú ènìyàn tí ó tó nǹkan bí 500,000 ní ilẹ̀ Índíà, yàtọ̀ sí àwọn tí ìbá kú tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin òbí wa, ẹ tún iye yẹn kà. Ẹni tí ó bá sọ pé ẹyẹ kíkà jẹ́ iṣẹ́ ọ̀lẹ, kí ó ro iye ènìyàn tí ìbá kú sí i bí kò bá sí àwọn tí ó kà á, tí wọ́n sì ké gbàjarè.

Àwa ńkọ́?

Igún tiwa náà ti wà nínú ewu. Igún kékeré onírun tíntín lórí, èyí tí ó máa ń gbé láàrin ìgboro wa, ni àjọ àgbáyé tí ń ṣọ́ ohun abẹ̀mí kà mọ́ àwọn tí ó wà lẹ́nu ìparun pátápátá ní 2015. Ìwádìí kan ní 2016 wo oríṣi igún 8 ní ilẹ̀ Áfíríkà. Méje nínú wọn ń dín kù ní ìdá 80 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàrin ìran mẹ́ta ẹyẹ náà. Nínú àwọn ikú igún tí wọ́n rí àkọsílẹ̀ rẹ̀, májèlé ni ó pa 61 nínú 100, àwọn tí ń tà wọ́n fún oògùn ìbílẹ̀ ni ó sì pa 29 nínú 100. Ní 2020, ní orílẹ̀-èdè Guinea-Bissau, igún tí ó tó 2,000 ni a bá ní òkú nípa májèlé.

Àwọn baba ńlá wa kà á léèwọ̀ láti pa igún tàbí láti jẹ ẹ́. Lónìí, orí igún wà lórí àtẹ ní ọjà. Mo sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú: ẹni tí ó bá ra orí igún láti fi wá owó tàbí láti fi rí ọ̀la, owó ara rẹ̀ ni ó fi ń ba ìmọ́tótó ìlú rẹ̀ jẹ́. Bí ó bá ń pe ara rẹ̀ ní Mùsùlùmí, ó tún mọ ohun tí ẹ̀sìn sọ nípa irú oògùn bẹ́ẹ̀.

Igún nìkan kọ́. Ẹ wo odídẹrẹ́, ẹyẹ tí ìlú Ìwó fi ń yangàn. Ní ilẹ̀ Gánà, àwọn onímọ̀ fi iye tí ó wà ní 1992 wé iye tí wọ́n rí ní ogún ọdún lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì rí i pé ó ti dín kù ní ìdá 90 sí 99 nínú 100, nítorí pípa igbó run àti nítorí àwọn tí ń mú wọn tà. Ní 2016, àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé pinnu láti dá òwò odídẹrẹ́ inú igbó dúró láàrin ara wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí i: Gánà lè sọ iye tí òun pàdánù nítorí ẹnì kan kà á ní 1992. Ìlú tiwa kò lè sọ ohunkóhun nípa igún, àfi àríyànjiyàn lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní 1964, àwọn olùṣọ́ ẹyẹ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ níhìn-ín tí ó ń tẹ ìwé ìròyìn tirẹ̀, èyí tí ó padà di ti gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1958, olùkọ́ Yunifásítì Ìbàdàn kan, J. H. Elgood, ṣàpèjúwe ẹyẹ kan tí ìwé ayé kò tíì mọ̀ rí. Ìbátan ẹ̀gà ni, ara rẹ̀ dúdú, orí rẹ̀ pupa. Orúkọ Ìbàdàn ni wọ́n fi sọ ọ́, Malimbus ibadanensis. Kò sí ibòmíràn láyé tí ẹyẹ yìí wà àyàfi ní ilẹ̀ Yorùbá ti Nàìjíríà, òun náà sì ti wà nínú ewu nítorí igbó tí a ń gé. Mélòó nínú ọmọ Ìbàdàn ni ó mọ̀ pé ẹyẹ kan ń jẹ́ orúkọ ìlú wọn?

Láti 2015, ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹyẹ A. P. Leventis ní Jọ́ọ̀sì ti ń darí iṣẹ́ kan láti mọ ibi tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan wà ní gbogbo Nàìjíríà. Wọ́n pín ilẹ̀ sí igun mẹ́rin mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 9 lọ́nà méjèèjì. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é yóò lo wákàtí méjì ó kéré tán nínú igun kan, yóò kọ orúkọ ẹyẹ bí ó ti ń rí wọn tàbí bí ó ti ń gbọ́ ohùn wọn, yóò sì fi ránṣẹ́ láti orí fóònù. Ẹgbẹ́ olùṣọ́ ẹyẹ wà ní Ìbàdàn, ní Èkó àti ní àwọn ìlú mìíràn, àwọn ọ̀dọ́ ni ó sì pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n igun pọ̀ ju ènìyàn lọ. Bí àwọn ará ìlú kékeré bí tiwa kò bá dìde, ibi tiwa yóò ṣófo nínú ìwé náà.

Àwọn tí yóò takò mí

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní, "Alfa, ebi ń pa ènìyàn, ẹyẹ ni ẹ ń kà." Èsì mi ni pé àgbẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń mọ̀ nígbà tí ẹyẹ bá tán. Lékeléke ń jẹ tata àti kòkòrò lẹ́yìn màlúù. Òwìwí àti àwòdì ń jẹ eku. Bí wọ́n bá lọ, ọwọ́ wa ni iṣẹ́ wọn yóò bọ́ sí, a ó sì fi owó ra májèlé tí yóò ṣe é. Ẹni tí ebi ń pa ni kò yẹ kí ó pàdánù òṣìṣẹ́ tí kì í gba owó.

Àwọn mìíràn yóò ní ẹyẹ àjẹ́ ni òwìwí, kí àwọn ọmọ má lọ wò ó. Ẹ̀yin òbí, ta ni ó kọ́ wa láti bẹ̀rù ẹ̀dá tí ń jẹ eku lóru? Àwọn kan yóò sì ní yóò dí kéwú lọ́wọ́. Àárọ̀ Sátidé kan lóṣù kò lè dí kéwú lọ́wọ́. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń wò lójoojúmọ́ ńkọ́? Ọmọ tí ó bá lè jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti gbọ́ ohùn ẹyẹ, yóò lè jókòó ti wàláà rẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí ilé-kéwú wa dá ẹgbẹ́ olùṣọ́ ẹyẹ sílẹ̀. Ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, láti aago 6:30 sí aago 8:30 òwúrọ̀, kí ọmọ mẹ́wàá pẹ̀lú olùkọ́ kan rin ọ̀nà kan náà: láti ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, gba ẹ̀bá odò, dé ibi tí odò ẹran wà tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n dúró ní ibi márùn-ún, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ibì kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n kọ ọjọ́, aago, bí ojú ọjọ́ ti rí, orúkọ ẹyẹ àti iye rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú jàmáà bá ní awò olójú méjì tí a fi ń wo ohun tí ó jìnnà, kí ó fi ta ilé-kéwú lọ́rẹ. Bí kò bá sí, ojú àti etí tó láti bẹ̀rẹ̀. Rọ́bà tí a fi ń ta ẹyẹ kò gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ẹnikẹ́ni lọ.

Iṣẹ́ àwọn ọmọ ní ìsinmi ni kí wọ́n bi bàbá àgbà àti ìyá àgbà wọn léèrè orúkọ ẹyẹ ní èdè wa. Àgbìgbò, àlùkò, agbe, àparò, ìbákà: ọ̀pọ̀ ọmọ mọ̀ wọ́n lẹ́nu, wọn kò mọ̀ wọ́n lójú. Bí orúkọ bá kú, ẹyẹ tí ń jẹ́ orúkọ náà lè lọ láìsí ẹni tí yóò bèèrè rẹ̀. Èmi náà yóò kọ́ ọ pẹ̀lú wọn. Mo ti ṣèlérí pé bí ọmọ kan bá tún gbé ìbéèrè wá, tí n kò mọ̀ ọ́n, màá sọ pé n kò mọ̀, a ó sì jọ wá a lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ó mọ̀.

Kí ìwé náà jẹ́ ti ilé-kéwú, kì í ṣe ti olùkọ́ kankan. Kí ó wà nínú àpótí níbi tí rẹ́jísítà wà, kí ẹni tí yóò gba ipò mi lè máa bá a lọ nígbà tí n kò bá sí mọ́. Àwọn ọmọ tí a kò tíì bí ni yóò jẹ èrè rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni mo tún fẹ́ kí a ṣe. Ní orí ìlà àkọ́kọ́ nínú ìwé náà, kí a kọ igún. Bí a bá dé ibi odò ẹran àtijọ́, kí olùkọ́ pe orúkọ rẹ̀ bí a ti ń pe orúkọ ọmọ tí kò wá, kí gbogbo wọn gbójú sókè wò, kí wọ́n sì kọ òdo síwájú rẹ̀. Kí wọ́n máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lóṣooṣù. Òdo náà kì í ṣe asán. Ẹ̀rí ni pé a mọ̀ pé kò wá, a sì ń bèèrè rẹ̀. Bí ó bá sì di ọjọ́ kan tí ọmọ kan nawọ́ sókè tí ó ní, "Alfa, ó wà lórí igi yẹn," a ó lè kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní bá wa jiyàn.

Kí Ọlọ́hun fi wá ṣe olùṣọ́ rere lórí ohun tí Ó fi sí ìkáwọ́ wa. Àmín.